Páànù Micra ń lu lábẹ́ maṣíìnì MIG mi, ẹ gbà mí

Ọmọ Tákíẹ́ · Ajé, 8:14 alẹ́

Ẹ kú alẹ́ o, ẹ̀yin ọ̀gá mi. Pánẹ́lì bítà ni mí. Ọdún mẹ́rin ni mo fi kọ́ṣẹ́ níbí ní Ògbómọ̀ṣọ́, gáàsì àti kábáàdì (òkúta tó ń mú gáàsì jáde tí omi bá kàn án) la fi ń jó bọ́dì lọ́dọ̀ ọ̀gá mi. Mo ṣe fúríìdọ̀mù lọ́dún tó kọjá. Oṣù tó lọ yìí ni mo kó èsúsú, mo fi ra maṣíìnì MIG kékeré kan, èyí tó ń ti wáyà jáde fúnra rẹ̀ láti fi iná jó irin, wọ́n kọ 200 ámpù sí i lára. Ẹni tó tà á fún mi ní kò nílò gáàsì rárá, pé ẹ̀tù tó wà nínú wáyà rẹ̀ ló ń ṣe iṣẹ́ gáàsì.

Micra takisí kan ló wà nílẹ̀ báyìí. Ó ti dógùn-ún lórí táyà ẹ̀yìn lápá òsì, àti lábẹ́ ilẹ̀kùn, níbi sáìdì stẹ́ẹ̀pù. Mo gé èyí tó jẹrà kúrò, mo gé páànù tuntun láti fi dí i, mo gbé tọ́ọ̀ṣì sí i. Háà! Ibi tí mo bá fi kàn ló ń lu. Bí mo bá ní kí n dí ihò náà, ńṣe ló ń fẹ̀ sí i. Ihò tí kò ju hóró ẹ̀wà kan lọ ní àárọ̀, nígbà tó fi máa di ọ̀sán, ìka mẹ́ta ń wọ̀ ọ́. Mo yí iná rẹ̀ wálẹ̀ pátápátá, kò jó mọ́, ó kàn ń tutọ́ káàkiri ni.

Ọ̀gá mi yà wò ó lónìí. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní, "Ṣé o ti rí i? Lọ gbé kábáàdì rẹ." Ọjọ́ Àbámẹ́ta yìí lẹni tó ni ọkọ̀ fẹ́ fi gbé èrò lọ síbi ìnáwó ní Ìkòyí-Ilé. Wáyà mílímítà 0.8 ló wà nínú maṣíìnì. Páànù tí mo rà, gẹ́ẹ̀jì 18 ni wọ́n pè é.

Kábáàdì-ò-kú · Ajé, 8:40 alẹ́

Ọ̀gá rẹ ò parọ́. Láti 1988 ni mo ti wà lẹ́nu iṣẹ́ yìí. Datsun 120Y, Peugeot 504, Corolla, kò sí èyí tí n ò fi kábáàdì jó nínú wọn. Típù ẹnu tọ́ọ̀ṣì tó kéré jù, iná tí kò le, wáyà tẹ́ẹ́rẹ́. Kàn án díẹ̀, fò, kàn án díẹ̀, fò. Tó bá tán, gbé òòlù àti dọ́lì (irin tí à ń dì mú lẹ́yìn páànù), lù ú pa dà sípò. Ibi tí gáàsì bá jó máa ń rọ̀, òòlù á ràn án. Ojú ibi tí MIG bá jó máa ń le bí èkùrọ́, gríńdà nìkan ló lè bá a sọ̀rọ̀. Ẹ̀yin ọmọ ìsinsìnyí, ohun tó bá ti ń tan iná lójú lẹ fẹ́.

Wẹ́dà Arówómọlé · Ajé, 9:02 alẹ́

Bàbá, ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Ẹ jẹ́ kí n bi àbúrò mi ní ìbéèrè kan kí á tó dá maṣíìnì lẹ́bi. Ṣí ẹ̀gbẹ́ maṣíìnì rẹ níbi tí róòlù wáyà wà. Tọ́ọ̀ṣì rẹ, orí + ni wọ́n so ó mọ́ àbí orí −?

Ọmọ Tákíẹ́ · Ajé, 9:20 alẹ́

Orí + ni, ọ̀gá. Bí mo ṣe rà á ló ṣe wà. N ò tiẹ̀ mọ̀ pé èèyàn lè yí i.

Wẹ́dà Arówómọlé · Ajé, 9:37 alẹ́

Mo mọ̀ bẹ́ẹ̀. Wáyà ẹlẹ́tù tí kì í lo gáàsì, orí − ni tọ́ọ̀ṣì rẹ̀ ń wà, kí kílíǹpù tó o fi há bọ́dì ọkọ̀ wá wà lórí +. Wáyà tí kò ní ẹ̀tù nínú, èyí tó ń lo gáàsì, òdìkejì ìyẹn ni. Bó o ṣe so ẹlẹ́tù mọ́ + yẹn ló ṣe ń tutọ́ tó bẹ́ẹ̀, tí iná rẹ̀ sì ń wọnú irin ju bó ṣe yẹ lọ. Pa maṣíìnì, yọ ọ́ lára iná, kó o wá pààrọ̀ ojú wáyà méjèèjì.

Má sì rò pé ìyẹn nìkan ló máa tán an o. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti ìdí gáàsì wá, ẹ fẹ́ràn kí ẹ máa fa iná lọ bí ẹni ń kọ̀wé. Páànù ọkọ̀ kì í gba ìyẹn lábẹ́ MIG. Tẹ̀ ẹ́, ka "ọ̀kan", fi sílẹ̀. Gbéra níbẹ̀, lọ fi òmíràn sí ibi tó tó ìka méjì sí i, kó o tún lọ sí òdìkejì. Ìgbà tí ti àkọ́kọ́ bá tutù débi tó o lè gbé ọwọ́ lé e ni kó o tó pa dà wá sí àárín wọn. Bó o bá rò pé ìṣẹ́jú márùn-ún ló máa gbà, wákàtí kan ló máa gbà ọ́. Ẹni tí kò ní sùúrù kó máa jó géètì.

Fíìtà Ọ̀wọ́dé-Ọ̀yọ́ · Ajé, 10:11 alẹ́

Ọ̀gá Wẹ́dà, ẹ kú làákàyè, àmọ́ ẹ ò sọ ọ́ délẹ̀. Wáyà ẹlẹ́tù 0.8 kì í ṣe wáyà bọ́dì. Géètì àti irin tí wọ́n ń jó níta gbangba, níbi tí atẹ́gùn ti máa gbá gáàsì lọ, ló wà fún. Lórí páànù tẹ́ẹ́rẹ́ ó gbóná jù, ó sì ń fi èépá sílẹ̀ tó o gbọ́dọ̀ ha kúrò kó o tó tún kàn án. Ẹ ò gbọdọ̀ máa tu ọmọ yìí nínú pé tó bá ti yí wáyà pa dà, ó ti bọ́.

Ohun tí mò ń lò ní ṣọ́ọ̀bù mi rèé. Wáyà 0.6, èyí tí wọ́n kọ ER70S-6 sí lára páálí rẹ̀, àti gáàsì CO2. CO2 yẹn kan náà ló ń mú ẹlẹ́rìndòdò hó nínú ìgò, nítorí náà kò ṣòro rí. Fún páànù tí kò tó mílímítà kan, mo máa ń wà láàárín ámpù 35 sí 50, fóòtì 15 sí 17. Gáàsì lítà 8 sí 10 ní ìṣẹ́jú kan. Wáyà tó bá yọ lẹ́nu típù kò gbọdọ̀ ju mílímítà 10 lọ.

Tó o bá lọ sí 0.6, pààrọ̀ típù náà, kó o sì yí róólà tó ń ti wáyà sí ojú 0.6. Odindi ọjọ́ kan ni mo fi ṣòfò nítorí róólà yìí nígbà tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Ojú 0.8 ni mo fi ń ti wáyà 0.6, ó ń yọ̀, ó ń lọ, ó ń dúró, èmi sì ń ṣépè fún ẹni tó ta maṣíìnì fún mi.

Etí ni wàá fi mọ̀ pé ó ti dáa. Á máa dún bí àkàrà tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ dà sínú epo gbígbóná. Tó bá ń dún pó, pó, pó, tó ń ti ọwọ́ rẹ sẹ́yìn, wáyà ti pọ̀ ju iná lọ. Tí wáyà bá ń ká kò, tó ń di kókó lẹ́nu típù, wáyà ti kéré.

Ajílété · Ìṣẹ́gun, 6:50 àárọ̀

CO2 nìkan kẹ̀? Ó ń jó o, mi ò jiyàn, àmọ́ ó ń ta iná sára gbogbo gíláàsì ọkọ̀, ojú rẹ̀ sì ń ga bí òkè, wàá wá fi gríńdà jìyà rẹ̀. Àdàlù gáàsì méjì ni mò ń lò, ágọ́nì 80 nínú ọgọ́rùn-ún, CO2 20. Ó tutù lójú iṣẹ́, ó ń tẹ́ pẹrẹsẹ.

Fíìtà Ọ̀wọ́dé-Ọ̀yọ́ · Ìṣẹ́gun, 7:15 àárọ̀

Àdàlù dáa jù, ta ló sọ pé kò dáa? Níbo lẹ ti ń rọ ọ́? Ìbàdàn ni èmi máa gbé sìlíńdà lọ, kí n tún gbé e bọ̀, lójú ọ̀nà tí gbogbo wa mọ̀ yìí. Ẹni tó ń bẹ̀rẹ̀, ẹ jẹ́ kó fi CO2 kọ́ ọwọ́. Kó ṣáà gbé sìlíńdà rẹ̀ nàró, kó má dùbúlẹ̀, nítorí omi ni CO2 nínú sìlíńdà. Kó má sì bẹ̀rù tí rẹ̀gúlétọ̀ bá di yìnyín nígbà tí iṣẹ́ bá pọ̀. Kó fún un ní ìsinmi díẹ̀.

Àlàdé Onípáànù · Ìṣẹ́gun, 8:05 àárọ̀

Gbogbo yín ń sọ̀rọ̀ maṣíìnì, kò sẹ́ni tó ka gẹ́ẹ̀jì 18 tí ọmọ náà kọ síbẹ̀. Páànù ni mò ń tà. Gẹ́ẹ̀jì 18 nípọn tó mílímítà 1.2. Gẹ́ẹ̀jì 20 jẹ́ 0.9, gẹ́ẹ̀jì 22 jẹ́ nǹkan bíi 0.75. Bí nọ́ńbà bá ṣe ń ga ni páànù ń tín-ín-rín. Bọ́dì Micra kò ju nǹkan bíi 0.7 tàbí 0.8 lọ. O wá mú èyí tó nípọn tó bẹ́ẹ̀ lẹ̀ mọ́ ọn. Kí èyí tó nípọn tó gbóná tó, èyí tó tẹ́ẹ́rẹ́ ti yọ́ dànù.

Má ra páànù mọ́ fún irú iṣẹ́ yìí. Lọ sọ́dọ̀ àwọn tó ń ta ọkọ̀ tó ti kú, ra bọ́nẹ́ẹ̀tì tàbí òrùlé ọkọ̀ àtijọ́ kan, òun lá máa gé lò fún oṣù mẹ́fà. Bó bá jẹ́ pé gẹ́ẹ̀jì 18 yẹn lo ṣì máa lò, orí rẹ̀ ni kó o kọ ojú iná sí, kó o jẹ́ kó ṣàn wá bá èyí tó tẹ́ẹ́rẹ́. Má sì lo ara fíríìjì. Mo mọ̀ pé ẹ máa ń lò ó. Ó tín-ín-rín jù, púpọ̀ nínú rẹ̀ ló sì ní síńkì lára.

Kábáàdì-ò-kú · Ìṣẹ́gun, 8:30 àárọ̀

Àlàdé sọ òótọ́. Èmi náà fẹ́ sọ ọ̀kan, kí ẹ má rò pé àwàdà nìkan ni mo bá wá.

Ọmọ mi, ibi tó o gé dé, ṣé irin tó dáa lo gé dé àbí irin tí ojú rẹ̀ ṣì ní ọ̀dà? Ọ̀tọ̀ ni méjèèjì. Inú ni ọkọ̀ ti ń jẹrà wá síta. Ọ̀dà á máa dán lójú, ẹ̀yìn rẹ̀ á ti di ìyẹ̀fun. Mú ìdí sikurudíráfà, máa fi kan án láti etí ihò lọ sókè. Irin tó yè á dún ganran. Èyí tó ti kú á dún bí páálí. Tẹ ojú rẹ̀ mọ́lẹ̀ kó o wò ó. Bí ó bá wọlé, kò sí maṣíìnì lágbàáyé, kò sí kábáàdì pàápàá, tó máa jó o pọ̀. Kí lo fẹ́ jó? Kò sí irin níbẹ̀.

Ọmọ Tákíẹ́ · Ìṣẹ́gun, 1:12 ọ̀sán

Bàbá, ẹ kú orí pípé. Mo ṣe é bẹ́ẹ̀. Sikurudíráfà wọlé gbuu ní ìka mẹ́ta sókè ibi tí mo gé dé. Gbogbo ibi tó ń lu mọ́ mi lọ́wọ́ nìyẹn. Mo tún un gé títí mo fi kan irin funfun. Ihò ti wá tóbi báyìí, n ò tíì sọ fún ẹni tó ni ọkọ̀.

Ìyá Oní-Micra · Ìṣẹ́gun, 2:00 ọ̀sán

Sọ fún un lónìí, ọmọ mi. Èmi kì í ṣe oníṣẹ́ irin, ọkọ̀ méjì ni mo ní tó ń ṣe takisí. Ọdún tó kọjá, ẹnì kan bá mi ṣe irú ibẹ̀ yẹn, ó fín in ní ọ̀dà, ó ń dán bí ojú arẹwà. Òjò kan rọ̀, òjò méjì rọ̀. Oṣù kẹjọ, èrò kan ti ilẹ̀kùn, odindi igun náà já bọ́ sílẹ̀. Pọ́tì tí wọ́n fi ń dí ojú bọ́dì ni! Nípọn bí ìṣù ẹ̀kọ! Bébà ìròyìn àti nẹ́ẹ̀tì ló wà lẹ́yìn rẹ̀, kò sí irin kankan. Owó tí mo san lẹ́ẹ̀mejì, ó tó ra bọ́dì sọ́tọ̀.

Tó o bá sọ òótọ́ fún wa, a ó kùn, a ó sì sanwó.

Wẹ́dà Arówómọlé · Ìṣẹ́gun, 2:45 ọ̀sán

Mọ́mì, ẹ pẹ̀lẹ́ o. Pọ́tì kò burú tó bá tẹ́ẹ́rẹ́, kó má ju mílímítà mẹ́ta lọ, lórí irin tí wọ́n ti jó dí pátá. Bí ihò abẹ́rẹ́ kan bá ṣẹ́kù lẹ́yìn rẹ̀, omi á gba ibẹ̀ wọlé, pọ́tì á mu ún bí búrẹ́dì.

Àbúrò, sáìdì stẹ́ẹ̀pù yẹn, jẹ́ kí páànù tuntun gun orí ti àtijọ́ ní ìwọ̀n ìka kan. Lu ihò mílímítà 6 sí èyí tó wà lókè, kó o máa kún àwọn ihò náà láti àárín. Bí wọ́n ṣe so ó pọ̀ ní ilé iṣẹ́ nìyẹn, àmì ibi tí wọ́n ti tẹ̀ ẹ́ pọ̀ ṣì wà lábẹ́ rẹ̀.

Fíìtà Ọ̀wọ́dé-Ọ̀yọ́ · Ìṣẹ́gun, 3:20 ọ̀sán

Fún sáìdì stẹ́ẹ̀pù, mo gbà. Fún orí táyà, rárá o! Ibi tí páànù bá ti gun orí ara wọn, omi àti iyanrìn á jókòó sí àárín rẹ̀, ọdún kan ààbọ̀ ó tún ti dógùn-ún. Orí táyà, ẹnu ko ẹnu ni. Fi àyè tó tó ojú abẹ gríńdà tẹ́ẹ́rẹ́ sílẹ̀ láàárín wọn, kó o wá di bàbà mú lẹ́yìn rẹ̀. Páìpù bàbà ara ẹ́ẹ̀sì (AC) àtijọ́, lù ú pẹrẹsẹ, òun náà nìyẹn. Irin kì í lẹ̀ mọ́ bàbà, bàbà á sì máa fa ooru kúrò. Ihò tó ń fẹ̀ sí i yẹn, ìdáhùn rẹ̀ ni bàbà.

Wẹ́dà Arówómọlé · Ìṣẹ́gun, 3:31 ọ̀sán

Ẹnu ko ẹnu fún ẹni tó ń lo MIG ní oṣù àkọ́kọ́? Á pàdánù páànù mẹ́ta kí ọ̀kan tó jókòó.

Fíìtà Ọ̀wọ́dé-Ọ̀yọ́ · Ìṣẹ́gun, 3:40 ọ̀sán

Kó pàdánù wọn lórí bọ́nẹ́ẹ̀tì àtijọ́. Ibẹ̀ là ń kọ́ ọ sí.

Akin Afọdà · Ìṣẹ́gun, 6:02 ìrọ̀lẹ́

Afọdà ni mí, èmi ni mo máa ń bá yín tún àléébù yín ṣe. Tó o bá jó o tán, má da omi lé e. Mo ti rí àwọn tó ń fi àkísà tútù lù ú bí wọ́n ṣe ń jó o. Páànù á ká jọ, n ó wá fi ọjọ́ méjì wá ibi tó tẹ́.

Ajílété · Ìṣẹ́gun, 6:30 ìrọ̀lẹ́

Ọdún méje ni mo ti ń lo àkísà tútù lórí fẹ́ńdà, kò bà á jẹ́ rí. Ohun tó ń ká a jọ ni pé ẹ jẹ́ kí ooru tàn kálẹ̀ kí ẹ tó pa á. Èmi, kí àmì náà tó kúrò ní pípọ́n ni mo ti lé e.

Kábáàdì-ò-kú · Ìṣẹ́gun, 6:55 ìrọ̀lẹ́

Ẹ̀yin méjèèjì, ibi tí ẹ ti jó, bó bá ti ń tutù ló ń sún kì, omi tàbí àìsí omi. Ohun tó ń tú u ká ni òòlù. Kan àmì kọ̀ọ̀kan lù lórí dọ́lì kó o tó lọ sí òmíràn, díẹ̀díẹ̀, kó tẹ́. Gríńdà náà, ẹ rọra. Mo ti rí ẹni tó jó o dáadáa, tó wá fi gríńdà mú un gbóná títí ó fi dà bí àwo ọbẹ̀.

Ìyàwó Wẹ́dà · Ìṣẹ́gun, 8:20 alẹ́

Àlàdé dárúkọ síńkì, ó sì fò ó kọjá. Nọ́ọ̀sì ni mí, ọkọ mi ló ń jó irin. Ní gbogbo ìgbà tó bá jó páànù onísíńkì lọ́sàn-án, tó bá di alẹ́ ara rẹ̀ á gbóná, òtútù á mú un, orí á fọ́ ọ, á ní ẹnu òun ń dùn bí irin. A ti lo oògùn ibà tó tó ẹ̀ẹ̀mẹta kí n tó ṣàkíyèsí pé ọjọ́ kejì ló máa ń lọ fúnra rẹ̀. Èéfín síńkì ni. Mílíìkì tí ẹ máa ń mu kò dá a dúró. Ẹ ha síńkì náà kúrò kí ẹ tó jó o, ẹ jókòó síbi tí afẹ́fẹ́ ti ń fẹ́ láti ẹ̀gbẹ́, kí ẹ sì lo ìbòmú tó ń sẹ́ èéfín. Ìbòmú aláṣọ ti ìgbà Kòrónà yẹn ò lè sẹ́ ẹ. Bí mímí bá ń ṣòro, ẹ wá sí ọsibítù.

Fíìtà Ọ̀wọ́dé-Ọ̀yọ́ · Ìṣẹ́gun, 8:48 alẹ́

Àǹtí, ẹ ṣeun gan-an. Ó rán mi létí: orí táyà ẹ̀yìn lo ti ń ṣiṣẹ́, àbúrò. Wo ibi tí páìpù epo gbà kọjá. Tánkì kò gbọdọ̀ wà lábẹ́ ọkọ̀ nígbà tó o bá ń jó irin nítòsí rẹ̀, sọ̀ ọ́ kalẹ̀, gbé e jìnnà. Tánkì tí epo tán nínú rẹ̀ léwu ju èyí tó kún lọ, oru rẹ̀ ló ń gbiná. Ka kápẹ́ẹ̀tì àti fóòmù àga ẹ̀yìn kúrò. Yọ orí bátìrì. Kílíǹpù rẹ, ibi tó súnmọ́ iṣẹ́ ni kó o há a mọ́, lórí irin tó o ti ha. Kí bọ́kẹ́ẹ̀tì omi wà nílẹ̀, kí ọmọ iṣẹ́ kan sì dúró sínú ọkọ̀ láti máa wo ẹ̀yìn.

Mo mọ ohun tí mò ń sọ. Abẹ́ ìbòjú ni mo wà nígbà tí àga kọsítọ́mà mi ń jó lẹ́yìn páànù. Òórùn rẹ̀ ni mo kọ́kọ́ gbọ́, mo rò pé ọ̀dà ni.

Ríwáyà · Ọjọ́rú, 7:10 àárọ̀

Ọ̀rọ̀ iná ńkọ́? Bí fóòtì ilé bá já sí 160 ní ìrọ̀lẹ́, kò sí bó ṣe máa dún bí àkàrà. Kó wá jẹnẹrétọ̀ 7 kVA.

Ajílété · Ọjọ́rú, 7:44 àárọ̀

7 kVA fún ámpù 50? Ẹ jẹ́ ká ṣírò. 50 lọ́nà 17 jẹ́ 850 wáàtì. Kó o fi ti òfò inú maṣíìnì kún un, á tó nǹkan bíi 1.5 kVA. 3 kVA tó ń ṣiṣẹ́ dáadáa á gbé e. Jẹnẹrétọ̀ kékeré aláfàgbé-lọ́wọ́ yẹn nìkan ni kò lè gbé e. Bó bá fẹ́ fi gbogbo 200 ámpù jó géètì, ìgbà yẹn ni ọ̀rọ̀ yín wọlé.

Ríwáyà · Ọjọ́rú, 8:01 àárọ̀

Ó dáa, mo gbà fún yín lórí páànù. Ẹ̀kísténṣọ̀n rẹ̀ ṣáà gbọ́dọ̀ jẹ́ wáyà 2.5, kó sì tú u sílẹ̀ tán, kó má ká a jọ bó ṣe ń lò ó.

Ọmọ Tákíẹ́ · Ẹtì, 9:36 alẹ́

Ẹ kú alẹ́ o. Mo rí wáyà 0.6 rà, mo yá sìlíńdà CO2 lọ́wọ́ ẹnì kan. Ọjọ́rú, mo fi gbogbo ọjọ́ jó bọ́nẹ́ẹ̀tì àtijọ́. Èyí tí mo jó ní àárọ̀, ẹ má bèèrè. Ní nǹkan bí aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ ni mo gbọ́ àkàrà yẹn, mo pariwo, àwọn ọmọ iṣẹ́ rò pé iná gbé mi.

Orí táyà ti parí. Ẹnu ko ẹnu ni mo ṣe é, bàbà wà lẹ́yìn rẹ̀. Ibi méjì lu, mo dí wọn. Ó rì díẹ̀ láàárín, mo lù ú lórí dọ́lì bí Bàbá ṣe wí, ó gòkè bọ̀, kò gòkè tán. Mo ti sọ òótọ́ fún ẹni tó ni ọkọ̀. Ó bínú, ó lọ, ó pa dà wá. Á fi ọkọ̀ lọ Ìkòyí-Ilé lọ́la láìfín in ní ọ̀dà, á gbé sáìdì stẹ́ẹ̀pù pa dà wá ní ọjọ́ Ajé.

Ìbéèrè kan ló kù. Inú ibi tí mo jó, tí ọwọ́ ò dé mọ́, ọ̀gá mi ní kí n da ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì àlòkù sí i kó má dógùn-ún. Ṣé kí n dà á kó tó lọ lọ́la?

Akin Afọdà · Ẹtì, 9:50 alẹ́

Jọ̀ọ́, má dà á! Bí ọ́ìlì bá kan ibi tí mo fẹ́ fín, ọ̀dà á máa ṣí bí ojú ẹja. Fi páráímà pa ojú ìta lálẹ́ yìí, ìyẹn tó fún ìrìn àjò ọ̀la.

Kábáàdì-ò-kú · Ẹtì, 10:04 alẹ́

Kì í ṣe ojú ọ̀dà nìkan. O ṣì máa gbé iná sí sáìdì stẹ́ẹ̀pù yẹn ní ọjọ́ Ajé, ọ́ìlì tó bá ti ṣàn dé ibẹ̀ á gbiná nínú ihò tí o kò lè rí. Jó gbogbo rẹ̀ tán, kí Akin fín in, kí ó gbẹ, kó o wá fi ọ̀pá tẹ́ẹ́rẹ́ fẹ́ ẹ wọ inú rẹ̀ láti ihò ìṣàn omi. Gíríìsì tó o yọ́ mọ́ ọ́ìlì tuntun dáa ju àlòkù lọ. Má sì dí àwọn ihò ìṣàn omi yẹn o.